Akàn Ọlọ́wọ́ Kan

Mo gbọ́ “kẹ́”, ọwọ́ akàn sì kù sí mi lọ́wọ́. Akàn fúnra rẹ̀ ti sá wọ abẹ́ òkúta. Ọwọ́ náà ṣì ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹ̀mú, èmi tí mo fà á sì ń ké bí ẹni pé èmi ni wọ́n já lọ́wọ́.

Ìyá bàbá mi sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ìfọṣọ ṣì ń hó lápá rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Minna, ilé wọn ní Chanchaga kò sì jìnnà sódò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń lo ọlidé. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, obìnrin Gbagyi kan máa ń gbé akàn wá fún un, òórùn ẹrẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá kan. Kò sí oúnjẹ tó wu ìyá àgbà mi tó ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí akàn wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tọrọ láti máa sìn nínú báàfù àtijọ́, òun náà ni mo sọ di ọlọ́wọ́ kan yìí.

“Kai! Kí lo fi ṣe é?”

“Mo fà á ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é.”

Ó gbé akàn náà sókè, ó fi ibi tí ọwọ́ ti já hàn mí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti dí ojú rẹ̀. “Ìwọ kọ́ lo já a. Òun fúnra rẹ̀ ló jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ, kó lè rí ẹ̀mí gbé sá. Ó dáa, gbọ́ ìdájọ́ mi. Bí ọwọ́ mìíràn bá hù, ó di ará ilé. Bí ọlidé bá parí tí kò hù, ó di ọbẹ̀.”

Ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, ọ̀dọ̀ akàn ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Mo ń rún ẹja gbígbẹ sí i lẹ́nu ọ̀nà òkúta rẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan kékeré kan yọ níbi tí ọwọ́ ti já, bí èéhù iṣu. Inú mi dùn, àfi bí akàn ò ṣe jẹun mọ́, tí ò jáde mọ́. Bí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀gúsí lórí iná, àyà mi a já.

Ọ̀sẹ̀ tí ọlidé máa parí, mo bá a nílẹ̀ báàfù láàárọ̀ kan, kò mira. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, mo sin ín. Mo kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì gbàdúrà ní Hausa, torí Hausa ló yá mi lẹ́nu jù. Ohùn ẹkún mi ni ìyá àgbà tẹ̀ lé dé ibẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Akàn mi ni, mà.”

Ó fìka tú iyẹ̀pẹ̀, ó yẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn náà ti là, kò sí nǹkan kan nínú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi máńgòrò mú.

“Haba, ọkọ mi! Aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ lo sin!”

Ó fà mí lọ sídìí báàfù, ó rọra ṣí òkúta. Akàn mi wà níbẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọwọ́ rẹ̀ sì pé méjì! Mo na ọwọ́ sí i, ìyá àgbà dì mí mú.

“Má fọwọ́ kàn án, kò tíì le. Lọ hú aṣọ yẹn wá kíá. Òun ni yóò jẹ tí ara tuntun yìí yóò fi gbó.”

Bí mo ṣe hú òkú nìyẹn, tí mo gbé e fún òkú kó jẹ.

“Ìyá àgbà, ọwọ́ yìí mà kéré.”

“Kékeré náà ni tìrẹ nígbà tí wọ́n gbé ọ wálé láti ọsibítù. Bó bá tún bọ́ aṣọ, á tún tóbi sí i.”

Kí n tó padà sílé wa ní Jikpan, àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ sódò, kí ará ilé wa má baà ṣèèṣì di ọbẹ̀ lẹ́yìn mi.

Mo ti di ìyá ọmọ kó tó yé mi pé ìyá àgbà tó ti ń mú akàn lódò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kékeré kò lè ṣàìmọ̀ pé ọwọ́ náà yóò hù. Ẹjọ́ tí mo ń sunkún lé lórí, ó ti dá mi láre kí n tó débẹ̀. Bí ọmọ mi bá ba nǹkan jẹ́ báyìí, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wá fún un, èyí tí yóò jẹ́ kó tọ́jú ohun tó bà jẹ́, tí yóò sì máa bẹ̀rù pé òun lè jẹ̀bi, nígbà tí mo ti mọ̀ pé yóò jàre. Ohun tó ṣòro jù níbẹ̀ ni kí n má rẹ́rìn-ín.