Síńkì Tó Kù Lára Ògiri

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé púlọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Kọjú-síbí ni ti ọ̀gá báǹkì tó fọ abọ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Ọ̀gá náà ń kọ́lé. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé síńkì ilé ìdáná sára ògiri ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni páìpù ti sún mọ́ jù. Kọjú-síbí bi í léèrè ẹni tí yóò máa fọ abọ́ nínú ilé náà. Ọ̀gá ní ìyàwó òun ni. Kọjú-síbí ní kí wọ́n lọ pè é wá. Ọ̀gá ní ó wà níbi iṣẹ́, pé òun tí òun ni ilé ti tó. Kọjú-síbí ní kò burú. Ó gbé bàsíà omi lé orí àpótí níwájú ògiri, ó kó abọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi jẹun sínú rẹ̀, ó sì na kànrìnkàn sí ọ̀gá báǹkì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í gbẹ́ ilẹ̀, kì í gé páìpù, àfi tí ẹni tó fẹ́ síńkì bá kọ́kọ́ dúró síbi tó fẹ́ ẹ sí, tó fọ abọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Kọjú-síbí, káfíńtà àti ẹni tó ń lẹ táìsì ń tàkúrọ̀sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú padà, omi ọṣẹ ro sórí bàtà rẹ̀. Ó tún kọjú sógiri. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ju kànrìnkàn sínú omi.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín gan-an?"

"Ọ̀gá, ohun tí ìyàwó yín ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wálé nìyẹn," ni Kọjú-síbí wí.

Síńkì kúrò lára ògiri. Wọ́n gbé e sórí kántà tó dá dúró láàárín ilé ìdáná, ó kọjú sí tábìlì oúnjẹ. Títí dòní ni ọ̀gá náà ń sọ káàkiri pé èrò òun ni.

Kọjú-síbí kò gbà pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fọ abọ́ bí ọmọ tí tíṣà ní kó lọ kọjú sógiri. Tí wọ́n bá ní ó ṣòro láti gba abẹ́ ilẹ̀ mú páìpù dé àárín ilé, pé páìpù ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ kí omi tó lè lọ, á ní òun mọ̀. Á ní omi tó ń ṣàn ni kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ń fọ abọ́ máa ń bojú wẹ̀yìn.

Ó máa ń ṣàṣìṣe. Kò kàn gbà pé àṣìṣe ni. Nílé tíṣà kan, ó gbé síńkì kọjú sí ibi tí àlejò ń jókòó jẹun gan-an. Lọ́jọ́ tí àna tíṣà wá, bí ìyàwó tíṣà ṣe ṣí omi, omi ọṣẹ ta sínú ọbẹ̀ àna. Wọ́n pe Kọjú-síbí. Ó wo síńkì, ó wo àna, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mọ odi kékeré kan sáàárín síńkì àti ibi oúnjẹ, tí gíga rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Odi náà dí omi, ó sì bo abọ́ tó dọ̀tí lójú àlejò. Ó ní òun ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀, pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àna náà ní sùúrù ni.

Ti ìyá aránṣọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìdáná rẹ̀ há débi pé tí ènìyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà. Kọjú-síbí mọ kántà sáàárín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó parí, ilẹ̀kùn fíríìjì kò ṣí mọ́. Ìyá aránṣọ gbé fíríìjì lọ sí pálọ̀. Kọjú-síbí ní fíríìjì ní pálọ̀ ń buyì kún ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó fi padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó wó kántà náà, ó sì mọ òmíràn tí orí kan rẹ̀ so mọ́ ògiri, tí orí kejì yọ síta bí ahọ́n. Síńkì wà lórí ahọ́n náà, fíríìjì padà síbi tó wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún pé òun ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó kìlọ̀ fún.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: nílé tirẹ̀, síńkì kọjú sógiri. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé e kúrò. Kò sì sí oníbàárà tí kò ní fẹ́ rí ilé ìdáná ẹni tó ń wàásù bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé, á mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé aládùúgbò, á máa júwe síńkì onísíńkì bíi pé tirẹ̀ ni. Ó pẹ́ títí, aládùúgbò bi í léèrè bóyá kí òun kó jáde fún un.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kántà sílẹ̀ ilé ìdáná. Ìyàwó dé, ó nù ún. Ó tún fà á. Ìyàwó tún nù ún. Ọmọbìnrin wọn sọ pé ilẹ̀ ilé ìdáná àwọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin yìí náà ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójú bàbá rẹ̀: kò sí ìyàwó ẹni tí bàbá kò tíì ní kó dúró fọ abọ́ wò, àfi ìyàwó tirẹ̀. Inú bí Kọjú-síbí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó gbé bàsíà omi fún ìyàwó rẹ̀, ó ní kó gbé e lọ síbi tó bá wù ú.

Ìyàwó gbé bàsíà dúró láàárín ilé, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó fọ abọ́ kan. Kọjú-síbí ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó gbé bàsíà padà sídìí ògiri.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Tí mo bá kọjú sí yín, ẹ máa ń ṣe bí ẹni tó wà níwájú oníbàárà. Ìgbà tí mo bá kọ̀yìn sí yín lẹ máa ń sọ òótọ́."

Kọjú-síbí bi í pé òótọ́ wo.

"Ìgbà tí iṣẹ́ kò wọlé mọ́, ẹ̀yìn mi lẹ sọ ọ́ sí. Ìgbà tí dókítà ní ọkàn yín kò lágbára mọ́, ẹ̀yìn mi lẹ sọ ọ́ sí. Ẹ fi ògiri mi sílẹ̀ fún mi."

Kọjú-síbí, tí kò gbà fún ọ̀gá báǹkì, tí kò gbà fún àna tíṣà, tí kò gbà fún ilẹ̀kùn fíríìjì, ki ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bọ àpò. Láti ọjọ́ yẹn, kò mú oníbàárà gba ẹ̀yìnkùlé mọ́. Á mú wọn wọlé, á tọ́ka sí síńkì tó kọjú sógiri, á ní iṣẹ́ tó le jù tí òun ṣe rí nìyẹn.

Ọkàn náà ló pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin rẹ̀ mú púlọ́ńbà mìíràn wá, ó fẹ́ kí síńkì bọ́ sáàárín níkẹyìn. Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ lọ, kò yíjú padà. Ó jẹ́ kí ọmọ rojọ́ tán: pé gbogbo àdúgbò ló ní síńkì bàbá òun, àfi ilé bàbá òun; pé kò sí ohun tí ènìyàn lè tọ́ka sí níbí kó ní ọwọ́ rẹ̀ rèé. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ṣì kọjú sógiri, "ní gbogbo ilé tó kù, bàbá rẹ borí àwọn onílé. Ibí nìkan ló ti gbà fún ẹlòmíràn. Jẹ́ kí n máa rí i."

Ọmọbìnrin náà ní kí púlọ́ńbà máa lọ. Ó mú aṣọ ìnubọ́, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú sógiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́.