Ìdánwò Tí Mo Fún Dókítà

Kókó kan yọ sí mi lábẹ́ etí òsì, níbi tí itọ́ ẹnu ti ń sun wá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, dókítà ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n á gé e kúrò. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lápá mi.

Mo ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wú, kì í ṣe apá."

Ó ní bí ara bá ń jà nínú, ẹ̀jẹ̀ á fi hàn. Bí ìjà náà bá pọ̀ jù, àìsàn yìí sábà máa ń le lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ ilé bàbá mi, ìgò kékeré ló fẹ́ fi mọ ọjọ́ tó kù fún mi!

Èmi náà bá dán an wò. Ọkọ́ ti ṣá mi lẹ́sẹ̀ lórí ebè iṣu lóko mi ní Gbaffo ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú ọgbẹ́ náà sì ti ń ṣọyún. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó bi mí bóyá mo ní ọgbẹ́, ibà tàbí ikọ́, mo ní rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kó sọ ti ẹsẹ̀ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ sọ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi padà lọ gba èsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ka ìwé náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìjà yìí pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó yẹ ká wo àyà yín, bóyá ó ti ràn débẹ̀."

Mo dìde, mo fẹ́ lọ wá atẹ́gùn.

Ọmọ náà ní, "Bàbá kékeré, kí lẹ ń tiro sí?"

"Bàtà ló há."

"Èyí tí ẹ ti ń wọ̀ kí wọ́n tó bí mi?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ mi. Òórùn ọgbẹ́ náà ló sọ ìyókù.

Dókítà fi ọwọ́ bo imú. "Ọgbẹ́ yìí nìkan tó láti da ẹ̀jẹ̀ yín rú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ti ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́?"

Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ títí ó fi jiná, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Ìjà ti rọlẹ̀. Dókítà ní ó dára, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí: ó di ìgbà tí wọ́n bá yọ kókó náà kí wọ́n tó mọ púpọ̀ sí i.

Mo ṣì ń fura sí i. Síbẹ̀, láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ, kó tó béèrè ohunkóhun, mo ti bọ́ bàtà méjèèjì. Mo fi ẹsẹ̀ hàn án, mo ka ikọ́ àná fún un, mo dé orí eyín tó ń ro mí láti ọdún tó kọjá.

Ọmọ náà ní, "Bàbá kékeré, dókítà ni, kì í ṣe fádà."

Mo ní kó dákẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí èékánná kan.