Fúnmiláyọ̀, Aya Mi, Akọ̀wé Àdéhùn Iṣẹ́ Koríko Wa

Fúnmiláyọ̀ o! Ọmọ Ọbokún, aya mi àtàtà, ṣé òótọ́ ni pé o ti fi mí sílẹ̀? Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi kú ara fẹ́ra kù, mo sì ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Wọ́n ní mo ṣe ọkàn akin. Kì í ṣe akin. Ẹkún náà ni kò tíì wá.

Kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lè mọ̀, iṣẹ́ gígé koríko àyíká ilé ni èmi àti ìwọ jọ ń ṣe ní Òṣogbo. Èmi ni mò ń ti ẹ̀rọ, ìwọ ni akọ̀wé. Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Òkè Fìà lo ti ń tẹ̀wé kí á tó fẹ́ra wa, ibẹ̀ lo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu lásán la fi ń bá oníbàárà ṣàdéhùn. Àlájì kan ní Òkè Baálẹ̀ wá ní kí n gé gbogbo ohun tó hù síwájú ilé òun. Mo gé e. Nígbà tó ti mọ́sáláṣí dé, ó ní mo ti gé òdòdó tí ìyá òun gbìn kó tó kú, ló bá ti ẹ̀rọ mi mọ́lé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. O kò bá a jà. O kúnlẹ̀ kí i, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni à bá ṣe mọ̀ pé òdòdó Màmá ni?" O wá irú òdòdó náà kiri títí o fi rí i, o sì fọwọ́ ara rẹ gbìn ín. Àlájì gbé ẹ̀rọ wa jáde, oníbàárà wa ló sì jẹ́ títí di òní.

Láti ìgbà yẹn, o ní a kò ní tan ẹ̀rọ mọ́ láìjẹ́ pé àwa àti onílé ti jọ rìn yí ilé po, kí á sì kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà lo fi ń kọ ọ́: iṣẹ́ tí a ó ṣe, ìgbà tí a ó máa wá, ẹni tí yóò kó koríko dànù, ohun tí a ó ṣe bí ẹ̀rọ bá ta òkúta lu fèrèsé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn lo fẹ́ràn jù: "Kí ni ẹ ò fẹ́ kí á fọwọ́ kàn?" Bí mo bá ń kánjú, wàá ní, "Bàbá Dámilọ́lá, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn."

Nílé Màmá kan ní Iléṣà, ìlú rẹ, o bi Màmá ní ìbéèrè yẹn. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọkọ mi wà. Mi ò fẹ́ ariwo ẹ̀rọ lórí ẹ̀." O kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, "Ibi tí Bàbá sùn sí, ọwọ́ ni a ó fi tu koríko rẹ̀." O kà á fún un. Màmá ní kí o tún un kà. Ìwọ fúnra rẹ lo wá ń bá mi lọ síbẹ̀ láti tu ú, tí ìwọ àti Màmá á máa sọ Ìjẹ̀ṣà tí èmi ọmọ Òṣogbo kì í gbọ́ tán.

Lọ́jọ́ tí o fi mí sílẹ̀, orí ló ń fọ́ ọ, o ní kí n jẹ́ kí o sinmi díẹ̀. A gbé ọ dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sapá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo ní ẹ ṣeun. Mo padà sílé, mo fọ àwo.

Oníbàárà tuntun kan pè lọ́sẹ̀ yìí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pè é." Mo yíjú sí yàrá, mo pe orúkọ rẹ sókè. Lẹ́yìn náà mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, oníbàárà ń ṣe "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò?" létí mi.

Máa lọ nírọ̀rùn, Fúnmiláyọ̀. Màá tọ́jú Dámilọ́lá. Sùn re, aya mi. Sùn re o.