Ògiri Tí Màmá Mi Fọwọ́ Bà ní Kútọnù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la jáde nílé wa ní Ikosi, èmi àti màmá mi. Òórùn ọ̀dà ló sìn wá dé ojú títì, nítorí yàrá kan ṣófo lẹ́yìnkùlé, màmá mi sì ti ní kí wọ́n kùn ún de ayálégbé tuntun, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kan. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí màmá mi ti ń gba ayálégbé, ṣùgbọ́n wọn ò sùn ní etí òkun rí. Bàbá mi ló ṣèlérí rẹ̀ fún wọn kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ẹ̀rù ń bà mí o. Màmá mi ní ikọ́ fée. Lọ́dún tó kọjá, mo mú wọn lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Abẹ́òkúta. Yàrá náà rin, àyà wọn sì dí mọ́jú. Wọ́n ní, "Bísọ́lá, tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí nìyẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò mọ́." Màmá mi kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo àwòrán òtẹ́ẹ̀lì Kútọnù lórí fóònù.

Ní Mile 2 la ti wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn Àgbádárìgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ibi tí àwọn ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè ti ń dá wa dúró.

"Aunty, ẹ má kà á," ni dírẹ́bà wí. "Ẹni tó bá ń kà á kì í tètè débẹ̀."

Nígbà tí a kọjá bodè tí a dé Kútọnù, a fi ẹja díndín jẹ àkàsà. Ẹ̀kọ náà ni, àmọ́ tiwọn kan ju tiwa lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ rí bó ṣe rí nínú àwòrán gẹ́lẹ́, ó funfun báláú. Màmá mi ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Sẹ́ prọ́pù, Màmá," ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wí, ìyẹn ni pé ó mọ́.

"Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rin."

"Mọ́mì, ọ̀dà tuntun mà ni," ni mo wí.

"Èmi náà rí i. Kí lo rò pé wọ́n fi ń bò? Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Oòrùn ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Bí a ṣe kọ ìkejì nìyẹn, a kọ ìkẹta. Ìkẹrin kéré, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, fantilé ni wọ́n ń pè é, ìyẹn yàrá onífáánù. Ojú ìṣó hàn lára ògiri rẹ̀. Ará Kétu ti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni ọkùnrin tó ni ibẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá.

"Màmá, iyọ̀ òkun ò jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́," ló wí. "Fèrèsé méjì ni mo fi rọ́pò rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba inú yàrá kọjá."

Màmá mi tẹ́ ọwọ́ lé ògiri. "Ó gbẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì bọ́ bàtà. Ẹgbẹ̀rún méjìlá sẹ́fà, owó tiwọn, ni fún alẹ́ kan.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì wọn ṣófo. Mo sáré jáde, mo bá wọn létí òkun, wọ́n ká ìró sókè, omi ń fọ ẹsẹ̀ wọn.

"Mo sùn, Bísọ́lá. Mi ò wúkọ́ rárá. Bàbá ẹ ìbá wà níbí."

Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ọjọ́ kẹta la padà dé Ikosi. Màmá mi ò wọ yàrá wọn. Pẹ̀lú báàgì léjìká, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tí wọ́n ní kí wọ́n kùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò. "Ó rin," ni wọ́n wí. Èmi ti rò pé òkun nìkan ni mo mú wọn lọ wò.

"Bá mi pe bíríkìlà," ni wọ́n wí. "Kó họ gbogbo ọ̀dà yìí kúrò, kó yọ fèrèsé kan sí i."

"Ìyá ọmọ ńkọ́? Ọ̀la ló ń kó bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Yàrá tèmi ni òun àtọmọ ẹ̀ máa sùn títí ibí á fi gbẹ."