Kíjìpá Ìyá Rebecca níbi Ìkórè

Ọjà títà kò ṣòro fún Rebecca. Gàrí ló ń yan ní Èrúwà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Bó bá fojú kan àpò kan báyìí, ó ti mọ iye tí yóò pa lọ́jà Lanlate. Ṣùgbọ́n ta ló lè dá iye lé ohun tí kò ní ìkejì?

Kíjìpá ni ohun náà, aṣọ kan ṣoṣo tó kù nínú èyí tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun kí ó tó kú. Lọ́dún 1988, àlùfáà ní kí kálukú mú ohun tó ṣọ̀wọ́n wá síbi ìkórè, kí a lù ú ní gbàǹjo, kí a fi ra páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Fọlábí ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn àtẹ́wọ́ ju oúnjẹ lọ, kò bi ìyàwó léèrè. Ó ṣí àpótí, ó gbé kíjìpá. Ìgbà tí Zachariah tó ń lu gbàǹjo na aṣọ náà sókè ni Rebecca tó mọ̀. Èmi ni mo jókòó tì í. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Màá rà á padà," ó sọ fún mi. Ó di owó gàrí mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Ó dá owó lé e. Ọkùnrin kan fi kún un, ó rà á, ó sì dìde: "Mo dá a padà fún Ọlọ́run! Ẹ tún un tà." Àṣà wa nìyẹn, ó sì máa ń bí mi nínú. Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún, àwa ń tà á fún ẹni tó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun lówó. Ẹlòmíràn tún rà á, òun náà dá a padà. Owó ń gòkè, ojú Rebecca ń pọ́n.

Níkẹyìn, ó tú gbogbo etí aṣọ. Zachariah lu agogo: "Ó di ti Màmá Láńrewájú!" Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ la fi ń pè é. Rebecca ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, àfi bí Fọlábí ṣe dìde láàárín àwọn ọkùnrin, tó fọwọ́ lé àyà.

"Èmi àti ìdílé mi dá a padà fún Ọlọ́run!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé.

Rebecca lọ gba kíjìpá lọ́wọ́ Zachariah, ó ró o mọ́ra lórí aṣọ ìkórè rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Zachariah, èyí kì í ṣe títà mọ́. Tó bá jẹ́ pé nǹkan gbọ́dọ̀ ti ilé wa padà fún Ọlọ́run lónìí, ẹ bá mi gbé Bàbá Láńrewájú gun orí tábìlì. Ẹ dá iye lé wọn."

Zachariah gbé agogo dání, ó wo ìjọ lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ lé e.