Bí Mo Ṣe Fi Àga Ìrọ̀gbọ̀kú Rìn Láti Ìgándò Dé Shasha

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni mo dùbúlẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ mi lẹ́nu géètì ilé wa ní Ìgándò, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, mo sì dágbére fún àwọn ayálégbé. Mo ní mo dùbúlẹ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ka ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, méje ni mo máa ń pè é. Táyà méjì wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́ta ni mo so pọ̀ kó tó lè gùn láti iwájú tí ẹsẹ̀ mi wà títí dé táyà ẹ̀yìn. Ibi ìjókòó ló dà mí láàmú. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò yẹ lórí gàárì tó mú bí ọ̀bẹ. Ni mo bá rántí àga ìrọ̀gbọ̀kú onírin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé e fún jórinjórin, ó jó o mọ́ kẹ̀kẹ́ náà pinpin.

Àga náà kì í ṣe tèmi ṣá. Bàbá ìyàwó mi ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó kú. Nígbà tí Ìyá Bísí ti ọjà dé, tó rí àga bàbá rẹ̀ lórí táyà mẹ́ta, ó di ẹrù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Shasha lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń mu gààrí. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé bí àga náà kò bá dé Shasha kí wọ́n tó kí ìrun Jímọ̀, kí n lọ fẹ́ ẹlòmíì. Àga kò ṣe é yọ, kẹ̀kẹ́ kò wọ inú mọ́tò kankan. Àfi kí n wà á lọ.

Òtútù mú láàárọ̀ náà, mo bá fi aṣọ funfun bora láti ọrùn dé orúnkún. Láàárín Ìgándò sí Ìkòtún, kòtò mẹ́tàdínlógún ni mo kà. Ìkejìlá jìn débi pé mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èdè àwọn ará Ìkòtún yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀. Bí kọ̀ńdọ́ wọn bá ní "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", ó túmọ̀ sí pé owó tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ kò tún padà mọ́. "Ó wà" túmọ̀ sí pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ kò sì ní dúró. Àkàrà wọn, igba náírà fún méjì, fẹ́rẹ́ bí èémí. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó nà gbalaja, tí aṣọ funfun bò ó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣíwájú, gbogbo yín mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà fún mi. Àwọn ìyá méjì tó ń ta búrẹ́dì káwọ́ lérí.

"Bàbá yìí ì bá má tíì lọ," ni ọ̀kan wí. "Ta ló ń tì wọ́n ná?"

"Ó jọ pé wọ́n ń gbé ara wọn lọ ni."

"Wọn ò lọ́mọ ni?"

"Ọmọ ayé ìsinsìnyí? Ìyẹn máa sinkú?"

Mo gbórí sókè, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá." Wọ́n sá, wọ́n fi búrẹ́dì sílẹ̀. Mo dúró dè wọ́n títí. Ẹ má bi mí ní ti búrẹ́dì.

Nígbà tí mo fi dé Ìdímù, ó tó ọgbọ̀n ènìyàn tó ń tẹ̀lé mi, Ààfáà kan ló ṣíwájú wọn tó ń ké àdúà. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n mo wo iwájú, ọ̀nà ń là. Mọ́tò ń yà, ọkadà ń yà. Òòrùn sì ti ń ga, Jímọ̀ ń bọ̀. Mo dijú.

"Ààfáà," ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi, "òkú yìí mà ń mi ẹsẹ̀."

"Iṣan ni. Ó máa ń fà wọ́n bẹ́ẹ̀."

Báyìí la ṣe la Ẹgbẹ́dá kọjá bí ẹni la àkàsù. À ń sún mọ́ Akówonjò ni Ààfáà béèrè pé, "Níbo gan-an ni wọ́n fẹ́ sin bàbá sí?"

Mi ò rò ó kí n tó dáhùn. Mo ní, "Shasha."

"Ẹ ṣeun," ló wí. Ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó tó ronú kan ẹni tó dá a lóhùn. Òun àti gbogbo wọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀; wọ́n ní Baruwa ni wọ́n ti rí bàtà rẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni mo sọ̀ wọ Shasha. Ibẹ̀ ni okùn bíréèkì já. Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń tajà oúnjẹ, ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé rẹ̀ nígbà tí mo já gba géètì wọlé, tí mo gba ẹ̀gbẹ́ bútà rẹ̀ kọjá. Àpò ẹ̀wà ló dá mi dúró.

Ó wò mí títí. "Bàbá Bísí, àna a máa dọ̀bálẹ̀ ni. Kí lèyí?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ náà ni, Àlàájì. Ẹ̀yìn ló ṣáájú dé."

Ìyá Bísí jáde. Kò wojú mi. "Ẹ dìde nínú àga bàbá mi." Ènìyàn méjì ló fà mí yọ. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu àga náà, ó jókòó, ó rọ̀gbọ̀kú, ó dijú.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí," ló sọ jẹ́jẹ́, "tí wọ́n bá jẹun tán."

Omi lé sí mi lójú. Kí n tó nu ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ibi tí wọ́n ti ń wà á. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

"Ìyá Bísí, bíréèkì ò sí o," mo pariwo tẹ̀lé e.

Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń dágbére, ó yà sójú títì.

Àlàájì ní, "Ẹ lọ bá ìyàwó yín, jàre."

Mọ́tò ni mo wọ̀ padà. Ní gbogbo ibùdókọ̀ ni mo ti ń béèrè ìyá kan lórí àga. "Wọ́n ti kọjá" ni gbogbo wọn ń wí. Nígbà tí mo fi dé Ìgándò, orí kẹ̀kẹ́ náà ti wọ inú òkìtì yanrìn tí aládùúgbò wa kó síwájú ilé. Ìyá Bísí ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ẹ mà pẹ́ o," ló wí. "Ẹ bá mi gbé omi kaná."

Mo gbé omi kaná. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni à ń wádìí. Títí di òní, mi ò tíì bi í bóyá ó ti dárí jì mí ló ṣe padà wálé, àbí kò kàn ríbi dúró ni. Mo ti ra okùn bíréèkì tuntun. Mi ò tíì so ó.