Ìbẹ̀rù Bàálù Gbé Mi Dé Ìlọrin

Bí a ṣe kírun Àsùbáà tán ni èmi àti ìyàwó mi, Àlàájà Sàfúrátù, jáde nílé wa ní Òmù-Àrán. Ó ní kí n máa lọ níwájú òun, nítorí ó fura pé tí mo bá wà lẹ́yìn, mo lè yà sí kọ̀rọ̀ kan kí n padà sílé. Mi ò dá a lẹ́bi. Lọ́dún tó kọjá, àwa méjèèjì la jọ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó ku àtẹ̀gùn bíi mẹ́rin kí n wọ bàálù, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo yí padà, mo ń ti àwọn tó wà lẹ́yìn mi sọ́tùn-ún sósì títí mo fi kan ilẹ̀. Òun nìkan ló lọ. Láti ìgbà náà, Àlàájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi ṣì ni Bàbá Ràṣídì.

Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ èrò àti ẹrù ni mí o. Mo ti wa lọ́rì dé Màídúgùrí, nínú òjò, nínú ọyẹ́, lórí afárá onípákó. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú mi tó ń bẹ̀rù. Ìdí tí mo fi gbà láti rí dókítà ọpọlọ ní Ìlọrin nìyẹn.

Ọkọ̀ akérò Pijó la wọ̀. Owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì, torí epo bẹntiróòlù ò ṣeé rí. Wọ́n fi mí síwájú. A ò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Bíréèkì tí kò sí níbẹ̀ ni mò ń tẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ a ra àkàrà. Ẹ̀kọ la fi ń jẹ ẹ́ nílé wa, àmọ́ àárín búrẹ́dì ni wọ́n ń fi í sí níbẹ̀, búrẹ́dì náà sì ti wọ́n débi pé ìlàjì ìlàjì ni wọ́n ń tà á. Ní Gánmọ̀, mo wo àwọn òpó irin gíga tó gbé wáyà iná ìjọba, iná tó ń gba orí oko wa kọjá láìyà sílé wa.

Mo rò pé wèrè ni màá bá nílé ìwòsàn náà. Tíṣà kan tí kò rí oorun sùn àti obìnrin kan tó ń hun fìlà ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin tí mo lè bí ni. Ó gbọ́ ìtàn mi tán, ó bi mí pé:

"Bàbá, kí lẹ rí lórí àtẹ̀gùn yẹn?"

"Mi ò rí dírẹ́bà," ni mo wí. "Ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá oorun ń kùn ún, mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí i."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Àlàájà? Tí bàbá bá ń wà yín, ẹ̀rù kì í bà yín?"

"Gbogbo ìgbà ni," ni Sàfúrátù dáhùn. "Tí wọ́n bá ti fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lórí òkè, ojú ni mo máa ń dì."

Mo wò ó bí ẹni tí mi ò mọ̀ rí. "O ò sọ fún mi rí!"

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá Ràṣídì."

Dókítà ní oògùn wà, àmọ́ kò tíì kàn án. Ó kọ́ mi kí n fa èémí sínú títí n ó fi ka ẹ̀rin, kí n tú u jáde títí n ó fi ka ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ padà sílé, kí n di ojú mi, kí n sì máa wá wo bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ojú dídì yẹn le ju Màídúgùrí lọ! Ní gbogbo kọ́nà, ọwọ́ mi ń wá sítíárì. Sàfúrátù di ọwọ́ náà mú, ó ń bá mi kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n ní a ti dé Òmù-Àrán, aṣọ mi ti tutù fún òógùn, ṣùgbọ́n mi ò la ojú.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, mo gun àtẹ̀gùn bàálù dókè. Ẹ̀rù bà mí títí a fi balẹ̀ ní Jẹ́dà, lọ́nà Mẹ́kà, mo sì lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ìrìn àjò Ìlọrin yẹn kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Mo kó èrò, mo ń lọ sí Èsìẹ́, mo sì béèrè ohun tí mi ò béèrè rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé eré mi ò pọ̀ jù?"

 Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó pọ̀ jù!"